Kí Ni Òmìrán Tó Gbé Ọmọ Léjìká Ń Ṣe Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìbéèrè: Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọn ò lò mọ́ láwọn abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló dé tí àwòrán òmìrán kan tó gbé ọmọ sọdá odò fi máa ń dojú kọ ẹnu ọ̀nà?

Ìdáhùn: Kristọ́fà Mímọ́ ni, Jésù sì ni ọmọ tó wà léjìká rẹ̀. Ohun táwọn èèyàn ìgbà náà gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá fojú kàn án kò ní kú ikú òjijì lọ́jọ́ yẹn. Kíkú láìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún àlùfáà ló ń bà wọ́n lẹ́rù ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Apá gúúsù ni ilẹ̀kùn sábà máa ń wà, torí náà ògiri àríwá ni wọ́n ń yà á sí, kó tóbi gbàǹgbà, kí ẹni tó ń lọ oko lè yọjú, kó wò ó, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ láìwọlé rárá. Erasmus, ọ̀mọ̀wé Kristẹni ará Netherlands, fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an.

Erùpẹ̀ pupa àti erùpẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán wọn fi ń kun àwòrán, torí kò wọ́n. Apá ibi tí odò wà nínú àwòrán ni wọ́n ti máa ń dárà jù: ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín ẹsẹ̀ òmìrán, nígbà míì obìnrin onírù ẹja á mú dígí dání. Èmi ò mọ ohun tí ìyẹn wá ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ju pé ó wu ẹni tó yà á!

Lọ́dún 1547, ìjọba Ọba Edward Kẹfà pàṣẹ pé kí wọ́n pa irú àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ rẹ́. Wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n bolẹ̀, wọ́n sì kọ Òfin Mẹ́wàá sórí ẹ̀. Ẹfun yẹn gan-an ló dáàbò bo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló bà á jẹ́ jù, torí wọ́n ń họ ògiri títí dé òkúta. Èyí bí William Morris, oníṣẹ́ ọnà àti akéwì ará Gẹ̀ẹ́sì, nínú tó fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1877 láti gbógun tì í. Ó wà lára àwọn tó gba ṣọ́ọ̀ṣì Inglesham, ní Wiltshire, sílẹ̀. Wọn ò jọ́sìn níbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, Churches Conservation Trust, àjọ tó ń bójú tó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn ò lò mọ́, ló ń tọ́jú rẹ̀. Àwòrán àti ìkọ̀wé onírúurú ìgbà ṣì gun ara wọn lórí ògiri rẹ̀, débi pé ó ṣòro láti ka èyíkéyìí tán.