Bí iye creatine kinase bá wálẹ̀ lára ọmọ tó ní àrùn Duchenne, ṣé ara rẹ̀ ń yá ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọkùnrin mi ní àrùn iṣan àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní Duchenne. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 4, creatine kinase inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 18,000. Ó ti di ọmọ ọdún 9 báyìí, iye náà sì ti wálẹ̀ sí 7,000. Ṣé ara rẹ̀ ń yá nìyẹn? Wọ́n tún ní ALT àti AST rẹ̀, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, ga, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ sì ń bà mí lẹ́rù.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n wíwálẹ̀ iye yìí kì í ṣe àmì ìwòsàn. Inú iṣan ni creatine kinase, tó jẹ́ ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yára), ń gbé, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti rí agbára lò. Nínú àrùn Duchenne, ara kì í lè pèsè dystrophin, èyí tó ń dáàbò bo awọ fọ́nrán iṣan, nítorí náà awọ yẹn a máa ya bí ọmọ ti ń lo ara rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ a sì máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà ìbí ni iye náà ti ń ga, kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i pé ọmọ ń ṣubú. Ó sì lè fi ìlọ́po 50 sí 100 ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, tí kì í sábà kọjá nǹkan bíi 200. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá àti àpá ń gba ipò iṣan. Ìkòkò tó ń jò kì í jò púpọ̀ mọ́ bí omi inú rẹ̀ bá ti ń tán lọ.

Yàtọ̀ sí èyí, eré sísá, ìṣubú tàbí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sínú iṣan lè gbé iye náà sókè fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má ṣe fi í díwọ̀n bí oògùn bíi prednisolone ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ máa tọ́pa ni bí ọmọ náà ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dìde nílẹ̀, bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń mí, àti àyẹ̀wò ọkàn rẹ̀.

Ní ti ẹ̀dọ̀, ALT àti AST wà nínú iṣan pẹ̀lú, wọ́n sì ń jò jáde bákan náà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ GGT, ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ mìíràn, wò, nítorí pé kì í ti inú iṣan wá. Bí òun àti bilirubin (èròjà tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn) kò bá ga, iṣan ni ó ṣeé ṣe jù pé ALT àti AST náà ti wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ èyí fún dókítà yòówù tó bá rí èsì náà, nítorí àwọn ọmọ kan ti wà tí wọ́n gé nínú ẹ̀dọ̀ wọn fún àyẹ̀wò láìnídìí.

Ẹ̀yin ìyá náà ńkọ́? Bí creatine kinase tiyín kò bá tilẹ̀ ga, ìyẹn kò fi hàn pé ẹ kò gbé jíìnì tó ń fa àrùn náà. Àyẹ̀wò jíìnì ló lè sọ ọ́, ó sì ṣe pàtàkì kí ẹ ṣe é, torí pé ó yẹ kí obìnrin tó bá gbé e máa lọ yẹ ọkàn tirẹ̀ náà wò.