Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Èrò Ń Dín Kù, Ṣé Kí N Fi Iṣẹ́ Olúwa Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olùdáhùn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń ṣe oníwàásù ní abúlé kan nítòsí Kétu. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kí a máa ka ìṣirò owó ìkórè sétí gbogbo ìjọ. Àtìgbà náà ni nǹkan ti dàrú. A tó 60 tẹ́lẹ̀, àwa 17 ló kù. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ò dáa. Ìyàwó mi ní ká kúrò ńbẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ti kẹ̀yìn sí iṣẹ́ yìí ni? (Oníwàásù, Kétu)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àmúmọ́ra. Iye èrò kò lè dáhùn ìbéèrè yín. Ọdún kẹtàlá ìjọba Jòsáyà ọba Júdà ni Jeremáyà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wòlíì. Nígbà tó pé ọdún 23, òun fúnra rẹ̀ ló ṣírò rẹ̀ fún àwọn ará Júdà ní orí 25 ìwé rẹ̀: mo ń sọ, ẹ ò gbọ́. Ó ṣírò tán, ó tún ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ wo orí 36. Ìgbà òtútù ni, iná ń jó níwájú ọba Jèhóíákímù, wọ́n ń ka ìwé Jeremáyà fún un. Bí wọ́n bá ti ka ìpín mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba á fi ọ̀bẹ gé e, á jù ú síná, títí gbogbo rẹ̀ fi jóná. Jeremáyà mú ìwé mìíràn, Bárúkù akọ̀wé rẹ̀ jókòó, wọ́n tún un kọ, wọ́n sì fi kún un.

Àmọ́ a ò ní tàn yín: kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìjọ bá sá fún ni Jeremáyà. Ẹ lọ bá ẹni mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti kúrò. Ẹ bi wọ́n bóyá ohun tí ẹ sọ ló dùn wọ́n, àbí bí ẹ ṣe sọ ọ́. Ẹ má fèsì lọ́jọ́ náà. Ibì kan wà tí a fura sí: ṣé ẹ máa ń pe orúkọ àwọn tí kò tíì san ìlérí wọn? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìtìjú ló lé wọn, kì í ṣe òtítọ́, ẹ lọ tọrọ àforíjì. Iye tó wọlé, iye tó jáde àti iye tó kù ni kí ìjọ máa gbọ́. Kí ẹni méjì jọ ka owó lórí tábìlì, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó dìde. Kí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí má jẹ́ akọ̀wé. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ má fọwọ́ kan owó náà rárá. Èyí ni ẹ kò gbọdọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ ku ẹni méje.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ìdánwò. Nígbà tí Èlíjà sùn sábẹ́ igi, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì náà kò wàásù fún un. Àkàrà orí ẹ̀yín iná àti omi ló gbé fún un. Ó jẹ, ó sùn, ó tún jẹ, kó tó rin ìrìn 40 ọjọ́. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ilé àti oko. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹlòmíràn dúró síbi ìwàásù, bó jẹ́ Bíbélì nìkan ló lè kà.

Ẹ sì wá Ébédì-Mélékì tiyín. Ìránṣẹ́ ní ààfin ọba ni. Nígbà tó fẹ́ fa Jeremáyà jáde nínú kòtò ẹrẹ̀, àkísà ló kọ́kọ́ sọ̀ sí i, pé kó fi há abíyá kí okùn má baà bó o lára. Ẹni tó lè ro tiyín dé abíyá, ẹ nílò rẹ̀ ju 43 tó lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń tọ́jú ìyá ọkọ mi tí kò lè dìde mọ́. Oorun máa ń gbé mi lọ nínú àdúrà alẹ́. Ṣé Ọlọ́run ò bínú sí mi? (Ìyàwó ilé, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú. Sáàmù 134 kò ju ẹsẹ mẹ́ta lọ, àwọn tó ń dúró lóru nínú ilé Olúwa ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ ọ sórí, kí ẹ máa kà á nígbà tí ẹ bá ń yí Ìyá padà lórí ibùsùn. Wákàtí méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí wọn kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò, ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè dá a ṣe. Ẹ sọ fún ọkọ yín kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ gba òru mẹ́ta lọ́sẹ̀.