Ta ló ń sunkún nínú oje igi Chios?

Ìbéèrè: Ará Gíríìsì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fún mi ní oje igi kan rún lẹ́nu. Ó ní "omijé" ni wọ́n ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, omijé ta ni?

Ìdáhùn: Màsítíhà ni wọ́n fún yín yẹn. Erékùṣù Chios ní Gíríìsì ló ti wá, ní ìhà gúúsù, níbi tí abúlé 24 ti ń kó o.

Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ ni ti Isidore Mímọ́, ọmọ ogun Róòmù tó di Kristẹni. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n pa á ní Chios, ní nǹkan bí ọdún 250, àwọn igi bú sẹ́kún. Ìtàn náà dùn létí, àmọ́ Dioscorides oníṣègùn ti kọ̀wé nípa màsítíhà Chios ní ọ̀rúndún kìíní. Igi ti ń sunkún kí Isidore tó kú.

Lójú tèmi, ìrísí ló bí orúkọ náà. Tó bá di oṣù Keje, àwọn àgbẹ̀ á gbá abẹ́ igi mọ́, wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú funfun bí ẹfun sílẹ̀, kí oje má baà kó erùpẹ̀. Wọ́n á wá fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún èèpo igi. "Kentima" ni wọ́n ń pe gígún yìí, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Oje á máa kán tó, tó, tó, á sì dì, á mọ́ gaara. Àwa náà kúkú máa ń ní oje ń sun, a sì ń ní èèyàn ń sunkún.

"Màsítíhà" fúnra rẹ̀ kò mọ ẹkún rárá o. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì àtijọ́ fún kéèyàn máa fi eyín lọ nǹkan ló ti jáde. Ẹ̀yin náà á ti rí i: ó kọ́kọ́ fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu, ó korò díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá rọ̀, tó funfun, tó ń ta sánsán.

Wọ́n ń fi í sí tsoureki, búrẹ́dì Àjíǹde wọn, àti sí áísìkiriìmù. Ní 2015, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù gbà á gẹ́gẹ́ bí oògùn ìbílẹ̀ fún inú tí oúnjẹ kò dà dáadáa nínú rẹ̀, àti fún egbò kéékèèké. Tí ẹ bá fẹ́ gún un fún oúnjẹ, ẹ bu ṣúgà díẹ̀ sí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ara odó ni gbogbo rẹ̀ máa lẹ̀ mọ́.