Ìpín 400 tí ètò mi rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ ìṣirò ni mí n'Ísánlú. Mo fi Python kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, tó sì ń tà á. Nígbà tí mo fi àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta dán an wò, èrè ló ń mú wá. Lọ́jọ́ tí mo fi owó àjọ mi sí i, ó ra ìpín 400 ilé-iṣẹ́ kékeré kan. Dọ́là 2.10 ni mo rí lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ nígbà tó fi rà á tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di 2.24. Ṣé mo ṣi ètò náà kọ ni?
Olùkọ́, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Òkun o, olùkọ́. Mo wo rìsíìtì tí ẹ fi kún ìwé yín. Ohun tí ẹ ní kí ètò náà ṣe ló ṣe. Ẹ ní kó ra 400, ẹ ò sọ iye owó tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ìpín 100 péré ló wà nílẹ̀ ní 2.10. Ó kó o. Ó rí 100 mìíràn ní 2.18, ó kó ìyẹn náà. Ọwọ́ ẹni tó ń pe 2.34 ló ti wá rí 200 tó kù. Dọ́là 896 lẹ san dípò 840. Èyí tó dùn mí jù ni pé lásìkò yẹn gan-an, 1.98 ni olùrà ń san, ìpín 100 péré ló sì fẹ́.

Ọmọ oníkajú ni mí, ní Kàbà níbí. Lọ́dún kan, màmá mi gbọ́ iye tí wọ́n ń ra kílò kan láàárọ̀, ó ní ká dúró kí àpò wa pé ogún. Nígbà tá a fi máa dé ìdí ìwọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù ti kún, awakọ̀ ti ń fa tàpólì bò ó. Iye àárọ̀ náà ni wọ́n ṣì ń pè, ṣùgbọ́n àpò méjì péré ni wọ́n lè gbà. A ru méjìdínlógún padà sílé. Mo ṣì ń rí màmá mi tó ń fọwọ́ gbá eruku orí àpò, tí kò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, kí ètò yín máa wo iye ìpín tó wà nílẹ̀ kó tó rà. Èmi kì í jẹ́ kí àṣẹ kan kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kó iye ìpín tí wọ́n tà lójúmọ́ fún ogún ọjọ́ jọ, ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, kí ẹ mú àárín. Ẹ má rò ó pọ̀ kí ẹ wá pín in o: ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọlọ́rọ̀ kan bá tú ẹrù ńlá sílẹ̀ á ba ìṣirò náà jẹ́. 1% àárín yẹn ni mò ń lò lójúmọ́. Tó bá jẹ́ 9,000, 90 ni ti òní. Ìpín 400 yín á gba ọjọ́ márùn-ún láti rà, á tún gba márùn-ún láti tà. Ti títà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, torí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sá jáde, àwọn ẹlòmíràn náà á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ fi gbèdéke iye owó sórí gbogbo àṣẹ, ìbáà ṣe ti rírà tàbí ti títà. Lọ́jọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2010, wọ́n fún ètò kan ní Amẹ́ríkà ní àdéhùn 75,000 láti tà, ìyẹn àdéhùn ọjà ọjọ́ iwájú tó dá lórí iye ìpín. Wọ́n ní kó máa ta 9% ohun tí ọjà bá tà ní ìṣẹ́jú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, láìwo iye owó, láìwo aago. Àwọn kọ̀ǹpútà oníṣòwò wá ń ta àdéhùn kan náà fún ara wọn lọ sókè sódò, ó wá dà bí ẹni pé ọjà yá. Bí ètò náà ṣe ń rí i bẹ́ẹ̀ ló ń tú ẹrù sílẹ̀. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló fi tà á tán, Dow Jones, òṣùwọ̀n tó ń fi bí iye ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ṣe rí hàn, sì já wálẹ̀ ní nǹkan bí àmì 1,000 kó tó padà gòkè.

Ẹ tún ìdánwò ọdún mẹ́ta yẹn ṣe: kí ètò náà má rí ju 1% rà lójúmọ́, kó sì san iye tí olùtà ń pè, kì í ṣe iye tí wọ́n tà kẹ́yìn. Èrè yẹn á dín kù. Ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó tún fi owó àjọ kankan kún un. Ní ti 400 tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ pa ètò náà ná, kí ẹ máa fọwọ́ ara yín tà á ní 25, 25, ní iye tí ẹ lè gbà.