Ẹ má tíì ta Pijó bàbá yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Pijó 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń tún ṣe nínú ọgbà ilé wa ní Kubwa. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà ní Kaduna fún ọdún mọ́kànlá kí a tó gbé e wá sí Àbújá. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e fún fi fílà tí wọ́n ń pò bí amọ̀ dí gbogbo ihò ara rẹ̀, ó sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Òjò méjì péré ló pa á, gbogbo ara rẹ̀ lé ròrò. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó síbi ìwakọ̀, ẹsẹ̀ mi wọ inú ilẹ̀ ọkọ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì náà kò yí. Ọkọ mi ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àjókù. Ṣé ó ṣì ṣe é tún ṣe, àbí mo kàn ń da owó sómi? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Ọmọ Onípijó, Kubwa)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àtúnṣe, àǹtí mi, ẹ sì kú ìfaradà. Páńẹ́ẹ̀bítà ni mí, n kì í ṣe mẹkáníìkì, torí náà ọ̀rọ̀ páànù ni màá sọ jù. Ti ẹ́ńjìnnì, ìwọ̀nba tí mo mọ̀ ni màá fi kún un.

Ẹ má tíì tà á. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì náwó kankan sí i mọ́ títí ẹ ó fi mọ ohun tó kù nínú rẹ̀.

Ẹni tó kùn ún yẹn kò tún un ṣe, ó dé fìlà fún un ni, bí ẹni bo orí pípá. Fílà tí à ń pò yẹn, ojú páànù tó mọ́, tó sì le, la fi í sí kó lè tẹ́ dọ́gba, kò sì yẹ kó nípọn ju mìlímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Tí ẹ bá fi dí ihò, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Omi yóò gba abẹ́ ọkọ̀ wọlé, fílà yóò mu ún bíi kànrìnkàn, ìpáàrà yóò sì máa jẹun nìṣó nínú òkùnkùn. Inú ni ròrò tí ẹ rí ti wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó máa ń dunni láti ha ọ̀dà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó rẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n owó yẹn ti lọ.

504 kò ní férémù lọ́tọ̀ bíi ti Land Rover. Bọ́ọ̀dì náà gan-an ló ru ara rẹ̀. Nítorí náà, ihò lára ilẹ̀kùn, ẹ̀tẹ́ lásán ni. Ihò nínú irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ìyẹn lè pa èèyàn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, kì í ṣe lára bọ́nẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ń rí.

Ẹ yọ ìjókòó, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹ wá hámà kékeré kan àti sukudíráfà. Ẹ máa fi hámà kàn án jẹ́jẹ́. Páànù tó ṣì dára á dún gooro. Èyí tí ìpáàrà ti jẹ tán nínú á dún bọ̀, bí igbá tó ti ya. Níbi tó bá ti dún bẹ́ẹ̀, ẹ fi sukudíráfà tì í. Ẹ wo abẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí ewé máńgòrò máa ń kó jọ sí. Ẹ wo irin abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, ibi tí à ń ti jáàkì sí, àti ilẹ̀ búùtù níbi táyà àfipamọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú gúnlẹ̀ sí. Tí sukudíráfà bá ń wọ ibi ṣọ́ọ̀kì yẹn bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ẹ̀kọ, tí irin abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì sì ti lọ, èmi náà yóò gbè sẹ́yìn ọkọ yín. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ nìkan ló jẹrà, bí mo ṣe fura sí nínú ohun tí ẹ sọ, iṣẹ́ páànù pẹlẹbẹ ni. Kò le tó bó ṣe ń dẹ́rù bani.

Ẹ dákun, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ sókè. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Igi líle tó fẹ̀ tàbí ìdúró onírin ni kí ẹ lò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní ihò kéékèèké tí wọ́n dìídì lu níbi tí wọ́n ti ṣe é, kí omi tó bá gba etí gíláàsì wọlé lè rí ọ̀nà jáde. Eruku ọdún mọ́kànlá ti dí tiyín. Ẹ fi wáyà tú u. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kò gba owó, síbẹ̀ n kò tíì rí oníbàárà kan tó ti ṣe é kó tó gbé ọkọ̀ wá bá mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àṣìṣe ara mi fún yín, torí ó kan ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí gan-an. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, wọ́n gbé 504 kan wá. Mo yọ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn apá ọ̀tún dànù láti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, mo jó tuntun sí i. Ó dùn ún wò. Mo gbé ilẹ̀kùn padà, kò ti. Ọkọ̀ ti tẹ̀ láàárín bíi bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ó tó ìbú ìka kan. Mo gé gbogbo rẹ̀ padà, àpò ara mi ni mo sì ti ra páànù ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, kí wẹ́dà tó gé ohunkóhun lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ jó irin kan dábùú ojú ilẹ̀kùn, kí ẹnu ọ̀nà má baà yí padà. Apá kan ni kó ṣe tán kó tó fọwọ́ kan ìkejì. Bó bá ti jó díẹ̀, kó gbé ilẹ̀kùn sí i, kó tì í wò. Tó bá ní kò pọn dandan, ẹ dá a dúró, ẹ wá ẹlòmíràn.

Páànù tí ẹ ó rà, kó wà ní nǹkan bíi mìlímítà kan. Ẹ má gba páànù òrùlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Zinc ara rẹ̀ máa ń yọ èéfín tí kò dára fún àyà tí iná bá kàn án. Ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì CO2 àti wáyà tín-ínrín ló dára jù fún páànù fẹ́lẹ́ báyìí. Irin ìjóná lásán tí wọ́n fi ń jó géètì yóò kàn lu ihò tuntun ni. Tótó-tótó ni kí wọ́n máa jó o, kó tutù kí wọ́n tó kan ibòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ páànù á ká wìnnì. Kí iná tó tàn rárá, ẹ tú bátìrì, kí ẹ yọ tánkì epo kúrò pátápátá. Tánkì tó ti gbẹ léwu ju èyí tó kún lọ, torí òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Ẹ gbé garawa iyanrìn sítòsí.

Ìpáàrà tí kò tíì lu páànù já, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe é. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí yóò fi kù díẹ̀ kó dán, ẹ pa oògùn tó ní phosphoric acid sí i, kí ẹ tẹ̀lé ohun tó wà lára ike rẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì kéékèèké, ẹ kàn rì wọ́n sínú fínígà di ọjọ́ kejì.

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní Àbújá níbí kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́, àkókò ni. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó ń dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá, ọyẹ́ á sì tẹ̀lé e. Ọyẹ́ dára fún gígé àti jíjó: afẹ́fẹ́ gbẹ, páànù tí ẹ fọ̀ mọ́ lónìí kò ní pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fín ọ̀dà nínú ọyẹ́ níta gbangba. Eruku tó ń ti Sàhárà bọ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn bí gààrí ṣe ń lẹ̀ mọ́ ètè ọmọdé. Nínú òjò ẹ̀wẹ̀, ọ̀rinrin á mú kí ọ̀dà hu funfun bí awọ ẹni tí kò fi ìpara ra ara. Oṣù kẹta ni èmi máa ń fẹ́ fín ọ̀dà, láàárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti bu omi wọ́n ilẹ̀ kí eruku jókòó.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nìyí: pàràímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí à ń fín ṣáájú ọ̀dà gan-an. Àwọn èèyàn máa ń fín in tán, wọ́n á ní ọkọ̀ ti bo ara, wọ́n á wá fi sílẹ̀ nínú òjò di ìgbà tí owó bá dé. Pàràímà lásán ń mu omi bí ògiri tí a kò kùn. Tó bá jẹ́ pé owó ọ̀dà kò ní sí kí òjò tó dé, irú tó jẹ́ epoxy ni kí ẹ fín, ìyẹn kì í jẹ́ kí omi wọlé, kí ẹ sì ta tápólì sókè bí àtíbàbà. Ẹ má dì í mọ́ ara ọkọ̀ o, òógùn tó bá há sábẹ́ rẹ̀ burú ju òjò lọ.

Ẹ́ńjìnnì tí kò yí, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ fipá mú un. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da epo díísù àti epo ẹ̀rọ pọ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ihò wọn, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kí mẹkáníìkì yín fi sípánà yí i lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, síwá sẹ́yìn. Tó bá yí, ẹ ti rí owó fi pamọ́. Orí ẹ́ńjìnnì 504, alumíníọ̀mù ni, omi ẹ̀rọ lásán ń jẹ ẹ́, nítorí náà kúláǹtì ni kí ẹ lò. Bíréèkì ni kí ẹ ṣe ṣáájú kó tó di pé ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, torí ọjọ́ tó bá bú yìn-ìn ni ẹnìkan yóò fẹ́ wà á dé ìta. Táyà ọdún mọ́kànlá, ẹ kó o dànù, bó ti wù kó dúdú tó.

Ẹ̀yà ara, Panteka ní Kaduna ni mo ti kọ́kọ́ máa ń wá a. 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ nílùú yẹn, 504 sì wà lára ohun tí wọ́n tò jù, torí náà àwọn àgbà níbẹ̀ ṣì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ, kí ẹ gbé e lé èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Àǹtí, kí ẹ tó pe wẹ́dà kankan, ẹ ya fọ́tò ilẹ̀ ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ya orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì pẹ̀lú, kí ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì yí ibi tí sukudíráfà ti wọlé ká. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ọkọ yín náà wò ó.