Ẹ Bi Wá Léèrè: Máṣíìnì Gígùn Lẹ́yìn Ọgọ́ta Ọdún

Ìbéèrè: Àwa méje la máa ń gun máṣíìnì láti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ọ̀yọ́ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ẹni ọdún 58 ló kéré jù nínú wa. Ẹnì kan ń gun máṣíìnì 100cc tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, àwa tó kù ń gun 150cc. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ní eré àsápajúdé lòun fi ń lé wa bá, inú sì ti ń bí i. Báwo ló ṣe yẹ ká tò? (Bàbá kan, Ìṣẹ́yìn)

Èsì: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìrìn. Ẹni ẹ̀yìn ò jẹ̀bi, ìtò yín ni kò dáa. Bí ẹni iwájú bá tẹ bíréèkì díẹ̀ níbi kòtò, ẹnì kejì á tẹ̀ ẹ́ jù ú lọ, ẹnì kẹta á tún tẹ̀ ẹ́ ju ti ẹnì kejì. Kó tó kan ẹnì keje, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Nígbà tí ẹ̀yin iwájú bá tún ti na eré, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ jíà kejì ni.

Ẹ fi ẹni tó ń gun 100 sí ipò kejì, kí aṣíwájú máa wò ó nínú díńgí. Ibi tí agbára máṣíìnì yẹn bá mọ ni eré gbogbo yín mọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá jù lọ ni kẹ́ ẹ fi kẹ́yìn, kì í ṣe iwájú tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fi í sí. Òun ni kó gbé túúbù, pọ́ǹpù àti sípánà, torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ bá bàjẹ́ máa bọ́ sí.

Lójú títì tó dáa, kí ẹni àkọ́kọ́ súnmọ́ ìlà àárín, kí ẹnì kejì súnmọ́ etí títì, kó máa lọ bẹ́ẹ̀ dé ẹ̀yìn. Kí àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 2 wà láàárín yín àti ẹni tó wà níwájú yín gan-an ní ìhà títì kan náà. Bó bá ti kọjá òpó iná kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú àrìnpadà." Bẹ́ ẹ bá dé ìdí òpó náà kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ tán, ẹ ti súnmọ́ ọn jù. Níbi kọ́nà àti ibi tí títì ti bàjẹ́, ẹ padà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní oríta, kí kálukú dúró de ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi rí i pé ó ti yà. Ẹ sinmi lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45. Bí ẹ̀yìn ò bá dá yín dúró, ìtọ̀ á dá yín dúró.

Ìbéèrè: Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé Boxer mi sílẹ̀ nítorí òjò. Bí mo bá fa ṣóòkù, ó ń sítáàtì. Bí mo bá dá a padà tí mo fún un níná, ó ń kú. Mẹkáníìkì ní kí n ra kábúrétọ̀ tuntun. (Abẹ́òkúta)

Èsì: Ẹ má tíì náwó. Bẹntiróòlù inú kábúrétọ̀ ti fẹ́ lọ, ohun tó kù tó ń lẹ̀ bí oje igi ló dí ihò jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èlò kékeré tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣóòkù ń dín afẹ́fẹ́ kù, ó wá bá epo díẹ̀ tó ń ráyè kọjá mu.

Ẹ ti epo pa, kí ẹnikẹ́ni má fa sìgá nítòsí. Ẹ gbé ike funfun tí a lè rí inú rẹ̀ sábẹ́, kẹ́ ẹ tú síkúrúù ìdí abọ́ kábúrétọ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i tó sùn sísàlẹ̀, tí epo léfòó lé e lórí. Bí èyí ò bá yanjú ẹ̀, kí wọ́n tú abọ́ náà, kí wọ́n yọ jẹ́ẹ̀tì méjèèjì, kí wọ́n gbé e kọjú sí ojú ọ̀run: ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ roboto. Fọ́nrán wáyà iná kan ṣoṣo àti afẹ́fẹ́ fọ́kanáísà ni kí wọ́n fi là á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ o! Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì. Bí ihò rẹ̀ bá fẹ̀, máṣíìnì á di ọ̀mu-epo, pọ́lọ́ọ̀gì á sì máa dúdú.

Ẹ yẹ ẹnu sàléńsà wò pẹ̀lú, agbọ́n a máa mọlé amọ̀ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ táyà iwájú, 25 psi; ẹ̀yìn, 28. Bẹ́ ẹ bá gbé èèyàn, ẹ̀yìn á di 32. Nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sílẹ̀, ẹ ti epo pa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kó mu èyí tó kù títí yóò fi kú fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹni ọdún 67, ní ọwọ́ máa ń kú mọ́ òun lára lórí máṣíìnì. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n tà á. (Màmá kan, Ọ̀ṣogbo)

Èsì: Màmá, máṣíìnì la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí Bàbá jókòó lé e, kí wọ́n na ìka sórí lífà, ìyẹn irin tí ọwọ́ fi ń fa kọ́lọ́ọ̀ṣì tàbí bíréèkì. Láti ìgúnpá dé ọmọ ìka gbọ́dọ̀ gún. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ sẹ́yìn, lífà ga jù, kí wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀, kí wọ́n yí i wálẹ̀. Kí wọ́n kán ọ́ìlì sí wáyà kọ́lọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì fún nọ́ọ̀tì tó di ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù, torí pé bí ìyẹn bá dẹ̀, ọwọ́ ni gbogbo gbígbọ̀n rẹ̀ ń bá lọ. Bí ọwọ́ bá ṣì ń kú lóru lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ lọ rí dókítà.

Ní ti títà, ọjọ́ orí kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣé wọ́n lè fa máṣíìnì náà sórí ẹsẹ̀ àárín rẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́? Ṣé wọ́n lè yí ọrùn wo ẹ̀yìn? Ṣé wọ́n lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti mítà 20? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan ló ṣòro, kí wọ́n fi pààrọ̀ máṣíìnì 100cc tó fúyẹ́, kí wọ́n sì gba ipò kejì lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn.