Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ẹ̀yìn ṣì ń ro mí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Atakúnmọ̀sà, Iléṣà. Ọmọ ọdún 52 ni mí. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní ìbàdí. Ẹsẹ̀ tó ń ta mí ti fúyẹ́, àmọ́ ẹ̀yìn ṣì ń ro mí. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ń wà ṣáá, kí eegun lè jinná. Bàbá kan ládùúgbò ní eegun ló yẹ̀, òun á fi òrí gbígbóná tẹ̀ ẹ́ padà. Ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má lọ o, màmá. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá àti ìrìn tọ́jú ara, ni mò ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, èmi kọ́ ni mò ń lo ọ̀bẹ, àmọ́ ọ̀rọ̀ "eegun yẹ̀" yìí ti sú mi. Okùn líle àti ẹran ló di eegun ìbàdí mú. Àtẹ́lẹwọ́ àti òrí kò lè tì í padà. Ibi tí wọ́n là ni wọn á kàn dà láàmú.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ẹsẹ̀ ti fúyẹ́. Iṣẹ́ abẹ yẹn jíṣẹ́ nìyẹn. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára (nerve), tó ń ta wọ ẹsẹ̀, ló sábà máa ń há, òun ni wọ́n ń tú sílẹ̀. Ẹ̀yìn kì í sábà gbádùn tó ẹsẹ̀. Ìrora tó bá sì ti kọjá oṣù 3 a máa dà bí ajá tí gbígbó ti mọ́ lára: kò dúró de olè mọ́. Ìrora yín kì í ṣe irọ́. Àmọ́ pé ó ń dùn yín kò sọ pé nǹkan kan ń bàjẹ́ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì yẹn ló dùn mí jù. Ẹran ẹ̀yìn tí a kò lò a máa joro, oorun a dàrú, ọkàn a rẹ̀wẹ̀sì, èèyàn á kúrò lọ́jà, kúrò lẹ́gbẹ́, ìrora á wá ráyè gbilẹ̀. Bàbá tíṣà kan dùbúlẹ̀ fún oṣù 8 kó tó wá sọ́dọ̀ wa, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ omi la fi bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, 5 nírọ̀lẹ́, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tára bá yá, kò gbọdọ̀ rìn jù bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá yá, kò gbọdọ̀ fò ó. Díẹ̀díẹ̀ la ń fi kún un. Ẹ̀yìn ṣì ń ro ó, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ó ń dá wẹ̀, ó ń lọ sóde ìnáwó, ó sì ń sùn.

Abẹ́rẹ́ apàrora Diclofenac tí wọ́n ń gún kiri ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ẹ yé gbà á: ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè dá egbò sínú ikùn. Òògùn mìíràn wà fún ìrora iṣan, dókítà ni yóò yàn án.

Mi ò tíì yẹ̀ yín wò o. Bí wọ́n bá fi irin sí i, ẹ bi dókítà tó ṣe é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ irú ìrìn yẹn. Bí ìtọ̀ bá sé tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, bí ojú ara tàbí ìdí bá kú tipiri, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí ibà bá dé tàbí ojú ọgbẹ́ ń ṣọyún, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn. Wesley Guild wà ní Iléṣà yín níbẹ̀.

Bí kò bá sí èyí, ẹ padà sọ́jà, wákàtí 2 péré lóòjọ́ ná. Ẹ lo àga tó ní ẹ̀yìn, ẹ máa dìde ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Ọmọ iṣẹ́ ni kó máa gbé ìdì aṣọ. Ẹ̀yin ẹ máa wọn ọ̀pá, ẹ máa ká a, ẹ máa ná an.